Ta ló ní àwọn bàbá wa ò yí páátì padà rí?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní àwa ìran ìsinsìnyí l'Óṣogbo ni ò nítìjú, à ń yí páátì padà, pé láyé òyìnbó tẹ́ni kan bá ti di ọlọ́pẹ (ọmọ ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀) ó dọlọ́pẹ nìyẹn títí ó fi kú. Ẹ̀rín pa mí o jàre.

Ṣé ó mọ̀ pé àwọn Awólọ́wọ̀ tó ń ṣèjọba n'Íbàdàn ló ní káwọn èèyàn san ṣílè 10 àti sísì lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìlera, wọ́n sì ti ń gbowó yẹn kí ọmọ kankan tó jókòó sí kíláàsì, àwọn NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe (Zik) tó ní àmì àkùkọ, ò wá gírámà kiri rárá, owó orí yẹn ṣáá ni wọ́n ń pariwo lọ́jà lóko. Nígbà tí wọ́n dìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954, NCNC mú ìjókòó 23 nílẹ̀ wa níbí ní Ìwọ̀ Oòrùn, Action Group mú 18. Nílé Awólọ́wọ̀ gan-an o!

January 1955 iléèwé ṣí, àwọn ọmọ tó wọlé lé ní 800,000, bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú wọn ò tó 500,000. Bàbá àgbà wa ń ṣe télọ̀ n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, alákùkọ (ọmọ NCNC) paraku ni wọ́n, àmọ́ màmá wa máa ń sọ pé lọ́dún yẹn aṣọ kákí àwọn ọmọ iléèwé ló kún orí tébù wọn débi tí wọn ò ráyè gé aṣọ ẹlòmíì, látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ àkùkọ lẹ́nu wọn mọ́. Nínú ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní 1956, Action Group mú ìjókòó 48 nínú 80. (Ti Ìbàdàn yàtọ̀ ṣá, Adélabù, aṣáájú NCNC níbẹ̀, ò gbà fún wọn.)

Kámpéènì wà nígbà náà dáadáa, Zik ní ìwé ìròyìn Pilot, Awólọ́wọ̀ ní Tribune, kálukú ń pọ́n tiẹ̀. Àmọ́ èyí tó wọ àwọn èèyàn lára ni èyí tó kan àpò wọn àtọmọ wọn.

Tó bá wá jẹ́ pé ìrẹsì àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nìkan ni wọ́n ń gbé wá bá wa lónìí, ẹni tó gbé e wá ni ká bá wí, kì í ṣe ìyá tó gbà á. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé lẹ́tà yìí o.

Ọmọ Télọ̀,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo