Múfútáù, gbé kóòtù rẹ dání

Wichita, Kansas
24 oṣù Kejì

Múfútáù ọ̀rẹ́ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Àlàáfíà la wà níbí. Ètò ìgbéyàwó Àjọkẹ́ nìkan ni kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn, òun náà ò sì jẹ́ kí n sùn.

O ní o rí i lórí fóònù pé ọ̀dọ̀ wa ti ń móoru, o wá ń bi mí bóyá kí o fi kóòtù òtútù yẹn sílẹ̀ sí Ṣàkí kí àyè lè gba ẹ̀lùbọ́. Òótọ́ lo rí. Lánàá, ìwọ̀n 6 Celsius ni ojúmọ́ fi mọ́, nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán ó ti di 21. Bùbá lásán ni mo wọ̀ jáde. Àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ẹ ó fi dé fún ìgbéyàwó, àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ sì pọ́n bí epo láti Texas dé Nebraska.

Àwòrán yẹn ti tan èmi náà jẹ rí. Pípọ́n tó pọ́n yẹn kò sọ bí ooru yóò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: kó móoru ju bó ṣe máa ń rí lọ, kó wà bó ṣe máa ń wà, tàbí kó tutù jù ú lọ. Bí ọ̀rọ̀ ò bá fì síbì kan, nǹkan bí 33 nínú 100 ni wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwa báyìí jẹ́ 60 fún ooru. Ó pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ 40 tó kù ńkọ́? Ọjọ́ bíi méje ni wọ́n sì ń pa pọ̀ ṣírò. Ọjọ́ mẹ́fà lè móoru kí òru ọjọ́ kan ṣoṣo gbọ̀n ọ́ bí ewé.

Ilẹ̀ ibí tẹ́jú lọ salalu ni. Kò sí òkè tó dábùú láàrin àwa àti Kánádà, nítorí náà bí òtútù bá ṣí lọ́hùn-ún, ó di ọ̀dọ̀ wa. Ooru láti etí òkun Texas náà ò rí ìdènà. Lóṣù Kejì 2021, Oklahoma City tó wà nísàlẹ̀ wa fi nǹkan bí ìwọ̀n 26 relẹ̀ ju òdo lọ. Ní Spearfish, South Dakota, ní 22 oṣù Kìíní 1943, afẹ́fẹ́ gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo sì di 7 lókè òdo láàrin ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì o! O ò tíì ní bọ́ bàtà tán.

Bàbá òyìnbó tí oko rẹ̀ kángun sí àdúgbò wa ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ooru yìí. Àlìkámà ló gbìn, ìwọ àgbẹ̀ á sì gbádùn èyí: oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá ni wọ́n ń gbìn ín, yóò hù, yóò ra mọ́lẹ̀ sùn nígbà òtútù, wọn á kórè rẹ̀ lóṣù Kẹfà. Bí kò bá rí òtútù tó, kò ní yọ orí. Nísinsìnyí ó ti fẹ́ jí láìtọ́jọ́. Bí òtútù bá wá padà lóṣù Kẹrin, orí tó ṣì wà nínú pòròpórò ni yóò kú.

Iná ló tún ń bà á lẹ́rù. Koríko tó gbẹ láti ìgbà òtútù ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, afẹ́fẹ́ ibí ò sì mọ eré ṣe. Irú ọjọ́ olóoru bẹ́ẹ̀, 26 oṣù Kejì 2024, ni iná ṣẹ́ ní apá àríwá Texas, ó jó ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan éékà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù sì bá a lọ. Ìwọ tó máa ń la ààlà iná yí ebè ká bí ọyẹ́ bá ti dé, o ò nílò àlàyé. Lọ́jọ́ Sátidé, màjàlà kan balẹ̀ sórí mọ́tò mi. Mo dúró, mò ń wò ó, Ṣàkí ni mo rí.

Nítorí náà, má di kóòtù sínú báàgì rárá. Wọ̀ ọ́ sọ́rùn wọ ọkọ̀ òfuurufú, bó tiẹ̀ mú ọ láàágùn ní Èkó, kí o fi báàgì sílẹ̀ fún ẹ̀lùbọ́.

Èmi ni,
Àlàbí