Bí ìjì bá ká òrùlé yín, ẹ má fi oko kajú dógò

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé,

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ohun tó ń gbẹ̀yìn àjálù ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àsìkò kajú ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé sí wa, ìjì ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Á ká páànù, á gbọn kajú dànù. Páànù ṣeé rà padà, igi kajú á sì tún so lẹ́ẹ̀míì. Àmọ́ onílé tí kò lówó páànù á sáré lọ bá olówó sogúndogójì, á fi oko dógò. Ẹni tó gba ìdógò ni yóò máa ká kajú títí owó rẹ̀ yóò fi pé, bẹ́ẹ̀ kajú yẹn gan-an ni onígbèsè ì bá tà fi san gbèsè. Níbo ló ti fẹ́ rí i san?

Owó yíyá ti orí fóònù tún burú ju ìyẹn lọ. Owó á wọlé kíákíá, ọjọ́ tí wọ́n dá kì í sì í jìnnà. Bí ẹ kò bá rí i san, wọ́n á máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àna yín àti ààfáà yín pé olè ni yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà ní Sábó, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ní òru tó mọ́jú 29 oṣù Karùn-ún 2025, omíyalé ṣẹlẹ̀ ní Mokwa, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn tó kú lé ní 150. Ọ̀nà tiwa náà ni, ẹni tó bá ti Ìlọrin kọjá Jẹ́bà ló ń kàn án, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ń ra ẹ̀wà àti àlùbọ́sà lọ́wọ́ àgbẹ̀ Òkè Ọya. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, àpò tí ẹ ti rà sílẹ̀ ṣáájú omi, ẹ tà á ní iye tí ẹ ń tà á tẹ́lẹ̀. Ẹ ó ní kí lẹ ó wá fi ra òmíràn? Òótọ́ ni. Èyí tí ẹ bá rà lọ́wọ̀n-ọ́n, òun ni kí ẹ fowó lé. Owó tí ẹ bá lé kóńgò nítorí ẹkún ẹlòmíì, n kò rí orúkọ rere tí mo lè pè é.

Bí ìjì bá ká ilé láyé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ la máa ń bẹ̀. Onílé á se oúnjẹ, ẹgbẹ́ á gun òrùlé. Ẹ bẹ ọ̀wẹ̀ náà. Owó iṣẹ́ tí káfíńtà ì bá gbà, ẹ fi kún owó páànù. Nínú èsúsú yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tí àjálù dé bá kọ́kọ́ kó o, kódà bí kò tíì kàn án. Bó bá wá di títà, ẹ ta tẹlifíṣọ̀n, ẹ ta fóònù olówó ńlá. Ẹ má ṣe yọ ọmọbìnrin nílé ìwé.

Ẹni tó bá sì ti wà nínú gbèsè báyìí, kó pe ẹbí jọ kó tó buwọ́ lùwé ilẹ̀ kankan. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kán yín lójú.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́