Ẹ sọ ọjọ́ orí láptọ́ọ̀pù fún wa kí a tó sanwó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ìwé yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá èyí tí mo lè máa dá sọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ yìí ni ìyá kan tó ń ta ata ní Bódìjà gbé láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ bá mi wò ó, owó àjọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ìṣirò owó ló lọ kọ́. Ilé-ìwé fi ìwé ránṣẹ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú láptọ́ọ̀pù "Core i7" dání (orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tí Intel ń ṣe ni), kí RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, má dín sí 16GB. Ìyá yìí kó àjọ, ó yá owó kún un, ó sì ra ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé gan-an. Kò pẹ́ rárá tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Bátìrì kì í gbé e tó wákàtí kan. Ó wúwo débi pé ọmọ náà ń fi í sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ kíláàsì. Windows 11, ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, ò sì gbà láti wọ inú rẹ̀.

Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. i7 ni lóòótọ́, àmọ́ i7 jẹnẹréṣọ̀n kẹrin, ìyẹn ìran kẹrin, ni, irú èyí tí Intel bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 2013. Háàdì dísìkì àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe SSD, irú tó yára, tí kò ní ohun tó ń yí. Bátìrì rẹ̀ ti wú, ó ti ń ti ibi tí a ń fi ìka fà sókè. Mo yọ bátìrì yẹn kó má baà gbiná, mo fi SSD sí i, ó sì yá díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó tà á pè é ní i7, ó ní RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, òótọ́ ni méjèèjì. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni kò sọ, ìyá yìí ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Olóòtú, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ fún wa láìsọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Kí àwọn òbí gbọ́ ọ yé: i3, i5 àti i7 kàn ń sọ ipò láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde lákòókò kan náà ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo i7-7500U, ti jẹnẹréṣọ̀n keje, tó jáde ní 2016: core méjì péré, ìyẹn ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, ló ní. i5-8250U, ti jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ, jáde ní 2017, mẹ́rin ni tirẹ̀. i5 yìí yóò ṣiṣẹ́ ju i7 yẹn lọ, síbẹ̀ ẹni tó ń tà yóò bu owó lé i7 torí orúkọ. Yàtọ̀ sí díẹ̀, láti jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ lọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, àtìlẹ́yìn fún Windows 10 sì ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó ta jẹnẹréṣọ̀n kẹrin fún ọmọ tó fẹ́ fi lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ wo lẹ́tà tó parí nọ́ńbà náà pẹ̀lú. U kì í jẹ iná púpọ̀, nǹkan bíi wáàtì 15. Àwọn tó ń jẹ́ H máa ń lágbára, wọ́n ń jẹ tó 45, nítorí náà wọ́n ń gbóná, wọ́n sì wúwo. Ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán ilé tàbí tó ń ṣe fídíò nílò H, kó fara da ẹrù rẹ̀. Kí ni ọmọ ìṣirò owó fẹ́ fi H ṣe? Word, Excel àti íntánẹ́ẹ̀tì ni tirẹ̀. i5 jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ tó ní RAM 8GB àti SSD 256GB yóò gbé e dé òpin. Irú rẹ̀ ni ThinkPad T480 àti Latitude 7490, oní-ínṣì 14, tí kò tó kílò méjì, tí RAM wọn ṣeé fi kún bí owó bá dé. Bátìrì ẹ̀yìn T480 tilẹ̀ ṣeé yọ láì fi irin tú u, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré ní ìlú tí iná ti ń lọ bó ṣe wù ú. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká MacBook Air M1 ti ọdún 2020, kò burú, ó fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n RAM tó bá bá a wá náà ló máa bá a lọ sálákeji.

Ta ló wá kọ "i7" sínú ìwé ilé-ìwé wọ̀nyẹn? Ṣé wọn ò lẹ́nìkan tó mọ kọ̀ǹpútà nínú gbogbo yunifásítì náà ni? Kí dọ́là tó fò sókè ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni ti ìjọba. Ní 2024, ó kọjá 1,500. Owó tí à ń fi ra tuntun tẹ́lẹ̀, tòkunbọ̀ ló ń rà báyìí, aláṣẹ kan á wá jókòó, á kọ nọ́ńbà tí kò yé e fún òbí tó ń tọrọ kó tó jẹun. Ìkà ni. Àwọn tó yẹ kó máa dáàbò bo òǹrajà náà ò ṣe dáadáa. Òfin ìdáàbòbò òǹrajà ti 2018 sọ pé kí ọjà tí wọ́n ti lò rí ní àkọlé tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ta ló ń lọ sọ́jà lọ wò ó?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀ǹpútà tẹ ìwé pélébé kan, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gbogbo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sanwó. Kí nọ́ńbà i5 tàbí i7 náà wà níbẹ̀ lódindi, kì í ṣe "i7" lásán, pẹ̀lú jẹnẹréṣọ̀n rẹ̀. Kí wọ́n kọ RAM, bóyá ó ṣeé fi kún, àti bóyá SSD ló wà nínú rẹ̀. Ní ti bátìrì, Windows fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́: ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde, ẹ ó rí iye tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Bó bá jẹ́ 50Wh (wáàtì-wákàtí) tẹ́lẹ̀, tó wá ku 20Wh, kí wọ́n kọ méjèèjì. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ àti ṣájà rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja tútù ń lò, kí wọ́n kọ kílò rẹ̀. Kí òǹtajà fọwọ́ sí i, kó kọ iye ọjọ́ tí òǹrajà lè fi dá a padà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àwọn òǹtajà olóòótọ́ pọ̀ n'Ìbàdàn níbí àti ní Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń ra páátì, ìwé yìí ò ní dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti lẹ̀ ẹ́, kí ẹgbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kí ìjọba dín owó ibodè lórí láptọ́ọ̀pù kù. Kí iná máa wà ní yàrá ìkàwé. Kí àwọn yunifásítì sì gba ìwé tí wọ́n kọ padà kó tó di pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mìíràn wọlé, kí wọ́n kọ òmíràn fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ jẹnẹréṣọ̀n tó kéré jù tí wọ́n lè gbà sínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn