Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Gbé Ìkòkò Kaná ní Sudan

Àsàlámù aleikumu, ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù.

Inú ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ràmàdáánì ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum, olú ìlú Sudan, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àti àwọn jagunjagun RSF (Rapid Support Forces, ẹgbẹ́ ológun mìíràn) kọjú ìbọn síra wọn láàárín ìgboro. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tì pa, ọjà tú, àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè kó òṣìṣẹ́ wọn jáde. Ta ló kù tí yóò bọ́ arúgbó tí kò lè sáré? Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ni.

Àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ pàjáwìrì sílẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò tó ń ṣe ìwọ́de títí ìjọba Omar al-Bashir fi ṣubú ní 2019. Nígbà tí omíyalé ba ilé jẹ́ ní Khartoum ní 2013 pàápàá, ọ̀dọ́ ló jáde, wọ́n pe ara wọn ní Nafeer. Bí àwọn baba wa ṣe máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ fún ìkórè àti ilé kíkọ́ ni àwọn ará Sudan ti ń ṣe nafeer láti ayébáyé.

Ẹ wo ilé ìdáná wọn, tí wọ́n ń pè ní tákíyà. Igi ni wọ́n fi ń dáná, torí gáàsì kò sí. Ẹ̀wà fúùlù ló sábà máa ń wà nínú ìkòkò, àwọn ìyá àtàwọn ọmọ á sì tò pẹ̀lú abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Láti orí fóònù ni owó ti ń wọlé, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Sudan tó wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú ní oṣù kejì 2024, ọ̀pọ̀ ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ torí owó kò lè wọlé. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ dúró níbẹ̀rẹ̀ 2025, ilé ìdáná tó lé ní 1,000 ló tì. Wọ́n mú àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sátìmọ́lé, wọ́n pa àwọn mìíràn. Àwọn tó kù kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 2025 náà ni wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn Rafto, ẹ̀bùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní Norway, ṣùgbọ́n mi ò rò pé nítorí ẹ̀bùn lẹnì kankan ṣe ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò nígbà tí bọ́ǹbù ń dún.

Ọlọ́hun sọ nípa irú wọn nínú Suratul-Insān, āyà 8 àti 9: wọ́n ń fi oúnjẹ bọ́ aláìní, ọmọ òrukàn àti ẹni tó wà ní ìgbèkùn, wọ́n sì ń sọ pé nítorí Ọlọ́hun nìkan ni àwọn ṣe ń bọ́ yín, àwọn kò fẹ́ ẹ̀san, àwọn kò fẹ́ ọpẹ́.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìwé owó wọn. Wọ́n ń kọ ohun tó wọlé àti èyí tó jáde, wọ́n ń tọ́jú rìsíìtì, wọ́n sì jọ ń pinnu ohun tí àdúgbò nílò. Kò sẹ́ni tó ń rán wọn níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ àga gbígbé àti ẹní títẹ́ nìkan là ń pe àwọn ọmọ wa sí ní mọ́sálásí? Bí wọn kò bá sí níbi tí a ti ń pín sàká, níbo ni wọ́n ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́rù àdúgbò?

Ẹ má tíì túká lẹ́yìn jímọ̀ òní. Mo fẹ́ kí a yan ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan sínú ìgbìmọ̀ sàká wa, kí ìwé owó sì wà lọ́wọ́ wọn.