TSA ti ilẹ̀kùn, ta ló ṣí fèrèsé?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí Ààrẹ àná, Muhammadu Buhari, ti dágbére fáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, àríyànjiyàn àwọn tó dìbò fún un ní 2015 ò tíì rọlẹ̀. Àwọn kan ní olóòótọ́ ni, kò kówó jẹ. Àwọn kan ní ó já àwọn kulẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìwà sílẹ̀ ná, ká tọ ipa owó lọ. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Oǹdó ló tẹ̀ka fún un lọ́dún náà (Èkìtì nìkan ló yàgò), torí wọ́n gbà pé yóò dí ihò tí owó ìlú ń gbà jò. Ó dí ihò kan lóòótọ́. Ihò kékeré ni.

TSA, àpò kan ṣoṣo tí owó ìjọba àpapọ̀ ń wọ̀ ní Báńkì Àpapọ̀, ni ohun tó dára jù tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lè nà síta. Ayé Jonathan ni wọ́n ti dán an wò ní 2012, àmọ́ Buhari ló pàṣẹ ní oṣù Kẹjọ 2015 pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó owó wọn kúrò ní báńkì olókòwò, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ká ní iléeṣẹ́ ìjọba kan fi N1 bílíọ̀nù sí báńkì, láìgba èlé. Bí ìjọba bá ń wá owó oṣù òṣìṣẹ́, ọjà ni yóò ti lọ yáwó. Báńkì yẹn náà ni yóò gbé N1 bílíọ̀nù ìjọba fún ìjọba, ní èlé ìdá 12, tí yóò sì gba N120 mílíọ̀nù lọ́dún. Ẹ gbọ́ ná, owó ara ẹni lèèyàn ń yá, tó tún ń sanwó lé e! TSA ló fòpin sí ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń san owó yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wá ní láti kọ́kọ́ gba RRR, nọ́ńbà ìsanwó oní-dígíìtì méjìlá. Bí kò bá mú un dání, akọ̀wé báńkì ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn ló ń darí owó náà lọ sí Báńkì Àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni TSA ń ṣọ́. Kò mọ iye tó yẹ kí nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá kọ N50 mílíọ̀nù sórí kànga tí N8 mílíọ̀nù tó gbẹ́, tí fọ́ọ̀mù pé, tí òǹtẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, wẹ́rẹ́ lowó ń jáde. Ní oṣù Karùn-ún 2022, EFCC mú Ahmed Idris, akáǹtáǹtì àgbà ìjọba àpapọ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ TSA wà níkàáwọ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀sùn N109 bílíọ̀nù ni wọ́n gbé e lọ sí kóòtù lé lórí. Ó ní òun ò jẹ̀bi.

Ihò ńlá wà ní Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀. Abala 38 òfin báńkì náà gba ìjọba láyè láti yáwó pàjáwìrì níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ways and Means. Kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ san án kọ́dún tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí òmíràn. Bí N4 tírílíọ̀nù bá wọlé, N200 bílíọ̀nù ni gbèǹdéke. Nígbà tí Buhari ń palẹ̀ mọ́ ní oṣù Karùn-ún 2023, gbèsè ọ̀hún ti jọ di N22.7 tírílíọ̀nù. Lóòótọ́, epo rọ̀bì já wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ dọ́là 30 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, Kòrónà sì dé ní 2020. Òfin náà ò sọ pé àfi bí nǹkan bá le. Ilé aṣòfin tó yẹ kó béèrè bó ṣe jẹ́ kàn sọ ọ́ di gbèsè ọdún 40, èlé ìdá 9. Owó tí kò tinú iṣẹ́ wá, tí kò tinú owó-orí wá, ni wọ́n tú sójà. Ẹni tó ń ra gàrí ló fojú winá rẹ̀. Ọ̀wọ́ngógó tó wà ní ìdá 9 ní oṣù Karùn-ún 2015 ti di ìdá 22.41 lóṣù kan náà ní 2023.

Bí ti epo bẹntiróòlù náà ṣe rí nìyẹn. Buhari fọwọ́ sí PIA, òfin tó ń darí iṣẹ́ epo rọ̀bì, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 2021, òfin tí wọ́n ti ń gbé kiri fún bí ogún ọdún; iṣẹ́ akin ni. Òfin náà ní kí ọjà máa sọ iye tí epo jẹ́, síbẹ̀ N3.36 tírílíọ̀nù owó ìrànwọ́ ni wọ́n kọ sínú ìṣúná oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2023, ó lé ní N18 bílíọ̀nù lójúmọ́. Ẹni tó ń gorí àlééfà bọ̀ ló gbé ẹrù náà fún.

Òfin Ìdìbò 2022 tó fún BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, ní ẹsẹ̀ òfin dára, kò sí àní-àní. Ètò títú àṣírí ńkọ́? Oṣù Kejìlá 2016 ni wọ́n ní ẹni tó bá táṣìírí owó ìlú á gba láti ìdá 2.5 dé ìdá 5. Ní oṣù Kẹrin 2017, wọ́n bá dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 43 nínú fúláàtì kan ní Ìkòyí. Ìlànà iléeṣẹ́ ìṣúná lásán ni ètò náà, kò di òfin títí Buhari fi lọ, nítorí náà akọ̀wé tó bá tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀ ò ní òfin tó dúró lé bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó dun àwọn tó gbé ìgbálẹ̀ jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2022: ìdáríjì fún Joshua Dariye àti Jolly Nyame, gómìnà tẹ́lẹ̀ rí ní Plateau àti Taraba. Lábẹ́ Buhari yìí náà ni ilé ẹjọ́ rán àwọn méjèèjì lọ sẹ́wọ̀n ní 2018 fún owó ìpínlẹ̀ wọn. Láti 2007 ni EFCC ti ń bá wọn ṣẹjọ́, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ìpàdé ọjọ́ kan ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà orílẹ̀-èdè fi tú u.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.