Ta ló kó ṣéńjì Àjàṣẹ́ pamọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) yìí ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti ń pa mí lẹ́rìn-ín ju bó ṣe ń bí mi nínú lọ. Ẹ ṣáà mú bébà 10,000 sẹfà lọ sọ́jà Ouando láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ lọ ra àkàrà 200, ìyá alákàrà á wò yín látòkèdélẹ̀, "mi ò tíì tà o, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé". Ẹ wá ní ẹ ò rà mọ́, háà, kíá ló máa tú ìdí ìró, bébà 2,000 ń bẹ ńbẹ̀, ẹyọ 100 náà ń bẹ ńbẹ̀.

Ti àwọn ọlọ́kadà tún yàtọ̀, ó máa gbé yín délé tán kó tó rántí pé òun ò ní ṣéńjì, á wá máa wojú yín, ó mọ̀ pé ojú á ti àgbàlagbà láti dúró torí 200.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà náà ò mọ́ o! Ẹnìkan wà níbiṣẹ́ wa, bébà 10,000 kan náà ló ń nà síta nígbàkigbà tá a bá mu kọfí, àwa la sì ń san án. (Mo fura pé bébà yẹn ti dàgbà ju ọmọ ẹ̀ lọ.) Nígbà tí wọ́n gbé bébà 500 jáde lọ́dún 2012 a rò pé wàhálà ti tán, àṣé a ò mọ ọmọ aráyé.

Ẹ bá wa bi wọ́n o, ẹyọ 25 dà?

Òǹkàwé yín, l'Àjàṣẹ́.