Ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ dá wa lóhùn lórí láísẹ́ǹsì ìbọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà gbogbo ni ọlọ́pàá ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn tí kò níwèé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá kọ̀wé béèrè láísẹ́ǹsì ńkọ́, bíi ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn kò dá a lóhùn?

Òfin Ìbọn ọdún 1959 la ṣì ń lò, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ló sì ń fúnni láṣẹ ìbọn olójú méjì. Òfin náà ka àwọn tí kò tọ́ sí: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tórí rẹ̀ dàrú, ẹni tójú ń dùn débi pé kò lè ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú wọn. Ojú rẹ̀ ṣì ń rí ọ̀yà nínú ìgbẹ́ lóru.

Àgbẹ̀ ni, ó sì tún ń dẹ̀gbẹ́. Ṣakabùlà tó níwèé ló ń lò: á rọ ẹ̀tù, á fi ọ̀pá gún un, á kó ọta lé e. Bí òjò bá fi lè ta sí ẹ̀tù, igi lásán ló gbé dání. Ó wá kọ̀wé fún olójú méjì. Wọn kò gbà, wọn kò sì kọ̀. “Fáìlì yín wà lórí tábìlì ọ̀gá.” Wọ́n ti gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíràn, fáìlì ṣì wà lórí tábìlì.

Kì í ṣe ibí nìkan. Ní Los Angeles, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló pe ọ́fíìsì Sheriff, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ibẹ̀, lẹ́jọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ẹ̀sùn wọn ni pé nínú ìwé 3,982 tí àwọn tó fẹ́ àṣẹ láti máa gbé ìbọn mọ́ra kọ láàárín oṣù kìn-ín-ní 2024 sí oṣù kẹta 2025, méjì péré ni wọ́n fọwọ́ sí. Ọ́fíìsì náà ní òṣìṣẹ́ kò tó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n méjì nínú nǹkan bí ẹgbàajì!

N kò ní kí wọ́n sọ ibí di Amẹ́ríkà o. Ìbọn tó wà níta ti pọ̀ jù. Ohun tí mò ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó lé ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa Dele Giwa, akọ̀ròyìn nì, ní 1986, lọ́yà Gani Fawehinmi ní kí olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba l'Ékòó sọ bóyá òun yóò pe àwọn tí Gani fẹ̀sùn kàn lẹ́jọ́ tàbí òun kò ní í pè wọ́n. Ìyẹn kò sọ méjèèjì. Gani bá a dé kóòtù tó ga jù lọ, wọ́n sì dá a láre ní 1987 pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá àṣẹ kóòtù tí yóò mú olùdarí náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ṣì ṣí sílẹ̀ fáwọn ọdẹ. Kí àwọn aṣòfin l'Ábújá náà sì kọ iye ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ fi jáde sínú òfin.

Ní tiwa, a ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí èsì bá dé kí lọ́yà tó gbé ìwé lọ sí kóòtù, a ó gbà á, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ “rárá,” bí wọ́n bá ṣáà ti buwọ́ lù ú.

Èmi ni tiyín,
Àbúrò ọdẹ kan, Òkè-Ògùn